Páúdà Inú Rọ́bà

Obìnrin kan ní ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń pe ní Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù àwòrán, kámẹ́rà kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Láàárọ̀ yẹn, ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni gbé ìkókó fún ẹni tí kò gbọ́mọ rí.

"Ọ̀sán yìí ni mo fẹ́ fi ya àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí nǹkan kan bá ṣe é, o ò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́ láyé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkàn tirẹ̀ gan-an ò balẹ̀. Ó fẹ́ ya ibùdókọ̀ láti orí òrùlé, kó dà bí ohun ìṣeré ọmọdé: kí àárín mọ́ kedere, kí òkè àti ìsàlẹ̀ rí bàìbàì. Lẹ́ńsì tó ṣeé tẹ̀ sókè sódò ló ń ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì ju agbára wọn lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì kámẹ́rà ńlá tí baba wọn fi sílẹ̀ wà nínú àpótí. Ọkọ àbúrò, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gé rọ́bà inú táyà, ó lu ihò sí ìdérí ẹnu kámẹ́rà, ó sì fi rọ́bà so lẹ́ńsì náà mọ́ ọn. Rọ́bà rọ̀, nítorí náà lẹ́ńsì lè tẹ̀. Ohun tí à bá sọ nù ló di irinṣẹ́.

Tọkọtaya náà gun òrùlé pẹrẹsẹ ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò tẹ lẹ́ńsì sísàlẹ̀ díẹ̀, ó yà á. Àwọn ọkọ̀ di bíńtín, bí èyí tí ọmọdé ń fi okùn fà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kún fún àmì dúdú kéékèèké, bí aṣọ tí iná ta sí lára.

Ó yọ rọ́bà, ó ki ìka bọ inú rẹ̀. Ìka jáde ní funfun.

"Ṣé ẹ fi páúdà sí i ni?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú sí i ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ ara rẹ̀. "Rọ́bà tí ò ní páúdà á lẹ̀ mọ́ra. Kò sí oníbàárà mi tó..."

"Kámẹ́rà ni o, kì í ṣe táyà!"

Ọkọ rẹ̀ tẹrí sẹ́nu kámẹ́rà, ó kó afẹ́fẹ́ sẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ! Itọ́ yín ló kù tí kò tíì wọ ibẹ̀."

Àkàbà dún. Ẹnìkan ń gòkè bọ̀.

"Tètè dé e," ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Sọ pé o ti ṣe tán."

Orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ. Àbúrò wo ẹnu kámẹ́rà tó là sílẹ̀. Bó bá dé e, ojú àwọn ọmọ ilé ìwé ni àmì yẹn yóò bà sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, páúdà ti wọ inú rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ṣí àpò rẹ̀, ó mú rọ́bà roboto tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọ jáde.

"Dojú ẹ̀ délẹ̀. Má gbọ̀n."

Ó tẹ rọ́bà náà láti ìsàlẹ̀. Fíì. Fíì. Wọ́n ya ọ̀run wò: àmì ku ẹyọ kan ní igun. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n yà á wò. Ọ̀run mọ́.

"Rọ́bà táyà yẹn dà?"

"Ṣé ẹ fẹ́ jù ú nù ni?" ọkọ béèrè.

"Ta ló ń ju ohun tó dáa nù?"

Ẹ̀gbọ́n fi omi mímu rẹ̀ fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó so lẹ́ńsì mọ́ ọn fúnra rẹ̀, ó sì fojú sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ wo awakọ̀ yẹn! Kò tó ìka ọmọńdinrín mi."

"Ẹ jẹ́ kí n yà á, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sán ti ń pọ́n."

"Má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀rù ba àbúrò. Ọ̀rọ̀ àárọ̀ ti ṣẹ nìyẹn.

"Wo ọwọ́ rẹ bí ti ẹni tó ń po ìyẹ̀fun," ẹ̀gbọ́n ní, kò gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà. "Lọ fọ̀ ọ́ ná."

Àbúrò sáré lọ fọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àkàbà.