Okùn Tíntín Inú Àwo Dígí

"Dà á nù, Falilat. Ọbẹ̀dò lásán ni."

Ọ̀mọ̀wé Ọláwándé, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì, ti àwo dígí náà padà sí i. Kò tilẹ̀ gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Falilat ti ń tọ́jú rẹ̀. Ara òkúta kan ní Gyel ló ti gbọn irúgbìn bí eruku kúrò lórí ewéko wẹ́wẹ́ tó máa ń bo àpáta nígbà òjò. Ó fọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù inú àwo náà, ó ń retí ewé. Okùn tíntín aláwọ̀ ewé ló hù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi di ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Bí n kò bá rí ewé, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí o tó jáde."

Ní ilé wọn ní Angwan Rogo, ó ń rìn síwá sẹ́yìn títí ó fi sú Lìádì, bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ.

"Haba! Kí ló ń lé ọ kiri?"

"Ọkàn mi ò balẹ̀, Bàbá."

"Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí n'Ílọrin pé ọdún yìí lo máa jáde o."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Veronica, ọmọ kíláàsì rẹ̀, rẹ́rìn-ín sí i. "Ṣebí ewéko wẹ́wẹ́ yẹn kún ara ògiri ilé ìwẹ̀? Já díẹ̀, gún un sínú àwo. Wallahi, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Falilat já a. Ó gbé àwo sábẹ́ maikirosikóòpù láti wo ibi tí yóò gún un sí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìlà tó pín ọbẹ̀dò sí wẹ́wẹ́ máa ń dábùú gbọọrọ, bí igi àkàbà. Ti okùn inú àwo yìí dagẹ̀rẹ̀. Ó wo òmíràn. Òun náà dagẹ̀rẹ̀. Ó ju ewé ọwọ́ rẹ̀ síta.

"Ewé ò tíì sí, sà," ló wí lọ́jọ́ Ajé, "ṣùgbọ́n kì í ṣe ọbẹ̀dò. Ewéko àpáta náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìlà inú rẹ̀."

Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́ maikirosikóòpù, ó wò ó pẹ́. "Òótọ́ ni," ló wí níkẹyìn. "Ìgbà wo ni yóò yọ ewé?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Èmi náà ò mọ̀. Máa bomi rin ín. N kò lè ṣèlérí ọdún yìí fún ọ."

Nírọ̀lẹ́, Falilat lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ó lè di ọdún tó ń bọ̀."

Lìádì rọra ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán.

"To, kò burú," ló wí. "Ṣé o ti jẹun?"