Ìyàwó Wa Gbé Omi Tútù Wọ Ilé Aṣòfin

Kò sí ẹni tí kò mọ Màmá Paná nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bó bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ńṣe ni gílóòbù ń kú lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá wọ yàrá ìpàdé, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á ti pa éèsì, á fa abẹ̀bẹ̀ yọ nínú àpò. "Ẹni tí ooru bá ń mú, kó bọ́ kóòtù," ni á wí. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ló ti ń ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ iná àti èéfín. Irun náà ti wá funfun bí òwú báyìí. Àwọn tó kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wọn ló gba yẹ̀yẹ́ náà ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya òjíṣẹ́ ilé lọ́jọ́ tí màmá yìí pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ bá mi yí éèsì yẹn sókè. Kó tutù débi tí eyín á fi máa gbá eyín."

"Màmá, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi ò yá tó báyìí rí. Ẹ sì bá mi wá jọ́ọ̀gì omi ńlá. Omi tútù ni o."

Ọjọ́ ìkẹyìn ilé ni ọjọ́ náà. Àbá òfin tí wọn ò bá dìbò lé kí Olórí Ilé tó lu òòlù ìparí nírọ̀lẹ́, òkú ni. Àbá Màmá Paná sì wà nílẹ̀: kí wọ́n fi sólà sí gbogbo ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé àwọn aláboyún. Agbẹ̀bí ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn ọmọ tí àbúrò náà ń gbà sáyé, èéfín ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà símú. Ikọ́ ni wọ́n ń wú kí wọ́n tó ráyè ké. Màmá Paná kò sì ní padà wá mọ́, ó ti sọ fáyé gbọ́ pé òun ń relé. Bí tòní bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Ìbò tó máa gbé àbá náà wọlé wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló dí i lọ́nà, ẹni náà ló wà lórí ìdúró yẹn tó ń sọ̀rọ̀. Òfin ilé ni pé ẹni tó bá ti gba àyè ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, àfi bó bá jókòó fúnra rẹ̀ tàbí tó bá jáde. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé dísẹ̀lì lọ sílé ìwòsàn káàkiri, kí ló fẹ́ fi sólà ṣe? Ó ti pinnu pé òun á sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àmọ́ ọkùnrin náà kì í ṣe àjèjì sí Màmá Paná. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti lọ sọ́run ni. Nígbà tí màmá wọlé wọn bí ìyàwó, ọmọdé ni ọkùnrin yìí, eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀fun. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ló bá sọ ọ́ ní Eyínafẹ́. Eyínafẹ́ náà sì ń pè é ní ìyàwó wa títí dòní. Ohun tí àwọn aṣòfin yòókù kò mọ̀ ni pé atọ̀ọ́lé paraku ni Eyínafẹ́ nígbà yẹn. Ta ló ń fọ ẹní? Ìyàwó ni!

Ni Màmá Paná bá dìde, ó gbé jọ́ọ̀gì, ó kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì dún kà bí igi gbígbẹ.

"Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ yín dùn, ọ̀fun yín ló ń gbẹ. Ẹ gbomi."

Àwọn èrò ìwòran pàtẹ́wọ́. Ta ló máa kọ omi ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo ayé? Ṣùgbọ́n Eyínafẹ́ náà gbọ́n.

"Ìyàwó wa, ẹ ṣeun. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná."

Háà! Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀. Màmá Paná kò ro ti ibí yìí mọ́ ọn. Ó mu ún, ó tún bu tiẹ̀ fún un. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, ó tún dìde. "Ọkọ mi, ẹ gbomi." "Ìyàwó wa, ẹ tọ́ ọ wò." Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Òkè réré ni ìyàwó ti ń da omi náà sínú ife kó lè máa dún ṣọọrọrọ.

Òtútù mú ilé. Éèsì tí kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú garawa kan ní igun: tó, tó, tó. Màmá Paná kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n òun náà. Ó di ẹsẹ̀ mọ́ra, ó ń rántí ìrìn àjò ìgbìmọ̀ iná. Ibi tí wọ́n ti ń wa èédú, ibi tí wọ́n ti ń fa epo, ìdí ìsédò tó ń fúnni níná, kò síbi tí wọn ò dé. Kò sì síbi tí ẹnikẹ́ni ti rántí pé obìnrin máa ń tọ̀. Àwọn ọkùnrin á yà sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n á máa súfèé. Eyínafẹ́ gan-an, kò sí igbó tí kò bomi rin. Òun nìkan ló ń jókòó sínú mọ́tò tí á máa ka ìwé òfin. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ; àpò ìtọ̀ tó bá pẹ́ nínú ìgbìmọ̀ iná, ìsédò ló ń dà.

Eyínafẹ́ tó dúró bíi ṣójà láàárọ̀ ti wá ń fi ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì. Ó ń sọ ìtàn bí àtùpà ṣe dáyé. Kò pẹ́, ó ń jó láìsí ìlù. Òógùn ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn.

"Olórí Ilé, ẹ jọ̀ọ́, ìsinmi ránńpẹ́..."

Olórí Ilé wo ìwé òfin, ó gbójú sókè. "Ọlọ́lá, ẹ jókòó tàbí kí ẹ jáde. Òfin ò mọ ẹ̀kẹta."

Éèsì ní tó. Màmá Paná gbé jọ́ọ̀gì sókè, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni Eyínafẹ́ bá ju ìwé sílẹ̀, ó di ṣòkòtò mú níwájú, ó di eré! Ilẹ̀kùn kò tíì padé lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ti pe ìbò. "Bẹ́ẹ̀ ni" gba gbogbo ilé kan. Olórí Ilé lu òòlù, gbàà! Ó di òfin.

Wọ́n dìde láti gbá Màmá Paná mọ́ra.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí o! Ẹ má fún mi níkùn!"

Ó ń sáré tẹ̀lé ẹ̀bá ògiri bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ta ló pa gbogbo iná ibẹ̀ láàárọ̀? Òun fúnra rẹ̀ ni! Ó ń tá ràrà, ó ń wá ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀, ló bá forí gbá ikùn ẹnì kan tó ń ti ibẹ̀ bọ̀.

"Ìyàwó wa?"

"Ọkọ mi, ẹ yà fún mi!"

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ yà!"

"Torí ẹní mi lẹ ṣe mọ̀, àbí?"

"Ẹní yẹn? Oòrùn ayé òun ọ̀run kò lè gbẹ ẹ́! Tí wọ́n bá ti ṣe sólà nígbà yẹn ni, ìdí ẹní yín ni ǹ bá gbé e sí!"

Eyínafẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran Màmá Paná. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò gbé e mì. Ó rín in débi tí ó fi dì mọ́ ògiri. Ìsédò tí gbogbo ìrìn àjò ìgbìmọ̀ kò lè wó, ẹ̀rín ló wó o.

Ohun kan ń dún nílẹ̀, ṣọọrọrọ.

"Ìyàwó wa, kí nìyẹn?"

"Éèsì ló ń jò."

"Kò séèsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Eyínafẹ́ bọ́ kóòtù rẹ̀, ó nawọ́ rẹ̀ sí Màmá Paná nínú òkùnkùn.

"Ẹ gbà, ẹ so ó mọ́dìí. Ẹ ti fọ tèmi rí."

Ó gbà á, ó so ó le. Bó ṣe gbọ́ tí Eyínafẹ́ ń fọwọ́ wá nǹkan lára ògiri, ó sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọkọ mi àtàtà, mo fi ẹ̀gbọ́n yín bẹ̀ yín. Ẹ má tanná."