Ẹni Tó Ń Kí Ẹja

"Ẹ bá wa buwọ́ lù ú níbí, mà. Ìsàlẹ̀ pátápátá."

Mùlíkátù ò tíì ráyè wo ìwé. Ìdí rẹ̀ ló ń bá jà. Àga tí wọ́n gbé fún un ní ọ́fíìsì Ẹ̀pẹ́ yìí ní apá lọ́tùn-ún, ó ní apá lósì, bẹ́ẹ̀ ìdí tó ti bí ọmọ márùn-ún, tó sì ti jókòó sórí àpótí nídìí ààrò ẹja fún ọdún mọ́kàndínlógún ní Ìpakodò ní Ìkòròdú, kì í ṣe ìdí tí èèyàn ń kì bọ àárín apá àga. Ó fún ara rẹ̀ wọlé tipátipá. Àga ké.

"Má bínú," ó sọ fún àga náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bí mo bá dìde tí o bá tẹ̀ lé mi, kí wọ́n yọ owó ẹ nínú tèmi."

Jọláolúwa, ọmọbìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gbẹ́ni Bólúwadúró, máníjà Ìpakodò, kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni Lois jókòó sí, obìnrin Ìlàjẹ tí òun àti Mùlíkátù jọ ń yan ẹja. Iléeṣẹ́ ń kó ààrò wá sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń dín òṣìṣẹ́ kù. Lois wà lára àwọn tó ń bá ààrò bọ̀. Mùlíkátù ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní kó mú ẹnì kan dání tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Lois nìkan ló gbà láti bá a wá, kò sì tíì la ẹnu láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ìkòròdú.

"Kí ni ìwé yìí wí, ọmọ mi?"

"Pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra yín nítorí àìlera, mà. Wọ́n á fún yín ní owó oṣù mẹ́ta."

"Àìlera? Èmi tí mo jẹ ẹ̀bà kí n tó kúrò nílé, tí mo tún ra mọ́ínmọ́ín méjì ní Ìtòìkín? Ìwé òfin tí ẹ fún wa lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́, Saheed ọmọ mi kà á fún mi lánàá. Ẹni tí ẹ bá ní ẹ ò nílò mọ́, owó oṣù kan ni fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi sìn yín."

"Orí ẹ̀ ni kò pé," ni Bólúwadúró wí. Ó fa ìwé kan yọ nínú fáìlì. "Kúẹ́rì tí mo kọ lóṣù tó kọjá rèé. Mùlíkátù ń dá sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́, àràárọ̀. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Jọláolúwa gba kúẹ́rì náà, ó kà á, ó sì gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni, mà?"

Ara Mùlíkátù gbóná títí dé etí. Láti ọdún méjì tí ọkùnrin yìí ti dé, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti àkọ́bí òun lọ, orúkọ ló fi ń pè é lásán, bí ẹni ń pe ẹrú. Ó sọ ọ́ ní "Ìyá Eléèéfín". Ó ta àpótí ìjókòó rẹ̀ nípàá. Gbogbo ìyẹn, Mùlíkátù fi ẹ̀rín gbé e mì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ̀ láti yan ẹja tó ti rà, tó ń rùn, Bólúwadúró kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní ẹni tó bá kí obìnrin yìí, tàbí tó bá dá a lóhùn nígbà tó bá kí i, kí olúwa rẹ̀ máa lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, bó bá wọlé láàárọ̀ tó ké "Ẹ káàárọ̀ o!", èéfín nìkan ní ń dáhùn. Ẹni tí wọn ò kí mọ́, kí ló tún kù? Òkú pàápàá, a máa ń sọ fún un pé ó dìgbóṣe.

"Òótọ́ ni," Mùlíkátù dáhùn. "Mò ń sọ̀rọ̀. Ẹja ni mò ń kí."

"Ẹja, mà?"

"Ẹja àrọ̀. Màá ní, 'Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin onírùngbọ̀n, ṣé ẹ sùn dáadáa?'" Ẹ̀rín gbé e, ikùn rẹ̀ mi, àga mi pẹ̀lú. "Arúgbó lásán-làsàn ni wọ́n! Àwọn náà ò dá mi lóhùn o. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ti kú, wọ́n ní àwáwí. Àwọn tó wà láàyè ńkọ́?"

"Kò yé mi, mà."

Lois ló dìde. Ó gbé báàgì mọ́ àyà. "Ọ̀gá ló ní a ò gbọdọ̀ kí Ìyá Saheed. Ó pé oṣù mẹ́rin báyìí. Èmi náà ò kí wọn. Bí mo bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, mà. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Lois!" Bólúwadúró yíjú padà. "Ṣé ìwọ náà fẹ́ máa lọ sílé ni?"

Jọláolúwa gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá, níwájú mi lẹ ti ń bi í nírú ìbéèrè yẹn?"

Jọláolúwa ká ìwé àkọ́kọ́ sí méjì, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó sì tẹ òmíràn jáde. Owó oṣù mọ́kàndínlógún, kò sí ọ̀rọ̀ àìlera níbẹ̀. Ó ní òun á fi kúẹ́rì yẹn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá àgbà fúnra òun, àti pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan iṣẹ́ Lois. "Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn báyìí, mà?"

"Ó ku ẹyọ kan. Kí ọ̀gá yìí kí mi."

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Kó kí mi kú iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún. Tó bá wọ́n jù, ẹ yọ owó oṣù kan nínú tèmi, ẹ fi rà á fún mi."

Omi lé ròrò sójú Jọláolúwa. "A ò ní yọ kọ́bọ̀, mà." Ó fi ọwọ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé, ó sì ti ìwé náà sọ́dọ̀ máníjà.

Bólúwadúró wo fèrèsé. "Ẹ kú iṣẹ́," ó fi imú sọ ọ́.

"Ṣé ògiri lò ń kí ni?"

Ó yíjú sí i wàyí. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọdún mọ́kàndínlógún."

Mùlíkátù ti rò pé òun á fò sókè bó bá gbọ́ ọ. Òógùn ló rí lọ́rùn ẹ̀wù ọkùnrin náà, ó sì rántí pé ẹnì kan ló bí i. "Òo," ó ní. "A dúpẹ́." Ó buwọ́ lùwé, ó dìde, àga sì tẹ̀ lé e. Jọláolúwa dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, Lois fa àga lẹ́yìn, títí ìdí fi bọ́.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ làwọn méjèèjì jókòó sí bí wọ́n ṣe ń padà. Wọ́n ti kọjá Ìtòìkín kí Lois tó fọhùn.

"Ìyá Saheed."

"Hùn?"

"Ẹ káàárọ̀ o, mà."

Oòrùn ti yí kọjá àtàrí. Mùlíkátù wò ó. Oṣù mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti dùn ún ju àpótí tí wọ́n ta nípàá lọ. Ó wo ọwọ́ Lois tí iná ààrò ti jó bíi tirẹ̀.

"Káàárọ̀, Lois. Ṣé dáadáa lo jí?"

Lois fi gèlè nu ojú. "Ẹ káàárọ̀ o, mà," ó tún wí. "Ti ọjọ́ kejì tí mi ò kí yín nìyí."

"Káàárọ̀ o. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Awakọ̀ ń wò wọ́n nínú dígí bí ẹni tó gbé wèrè méjì. Kí wọ́n tó dé Benson ní Ìkòròdú, wọ́n ti kí ara wọn wọ oṣù kejì.