Ọkọ̀ Àtẹ̀rìn àti Àmù Méjìlá

Ọrùn ìyá ọkọ mi ló bí ọkọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Talatu lorúkọ Ìyá, láti kékeré ni wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Dàda, àdúgbò amọ̀kòkò ní Ìlọrin, orí ni wọ́n sì fi ń rù ú lọ tà. Nígbà tí rélùwéè wá wọ Ìlọrin, tí àwọn ará Jẹ́bà ń sọ̀ kalẹ̀ wá ra àmù lójú irin, ẹrù Ìyá di ìlọ́po méjì. Nínú àwẹ̀ ọdún yẹn, ọrùn wọn wọ́. Bí ẹ bá kí wọn lápá ọ̀tún, gbogbo ara ni wọ́n máa fi yí padà kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

Ìyàwó tuntun ni èmi Hùmúàní nígbà náà. Ìyá ti ń kọ́ mi níṣẹ́ amọ̀. Mo bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ wò ó, bí Ìyá bá tún ru àmù, ọrùn yẹn á kán. Ẹ wá nǹkan ṣe."

Ahunṣọ òfì ni ọkọ mi, Yísà lorúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń jẹun: igi méjì wà lábẹ́ òfì, ó ń tẹ ọ̀tún, ó ń tẹ òsì, aṣọ ń jáde. Ó wo igi náà títí. Ó ní, "Bí ẹsẹ̀ bá lè hun aṣọ, kí ló dé tí kò fi lè yí ọkọ̀?"

Òun àti Ádámù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí òun náà ń hun òfì, wọ́n gbẹ́ igi apá ní róbótó méjì, ìyẹn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Alágbẹ̀dẹ ká irin sí i létí, ó sì fi irin wíwọ́ so méjèèjì pọ̀. Wọ́n fi okùn awọ so pákó gígùn méjì mọ́ irin náà: bí o bá tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, èkejì á dìde, ọkọ̀ á yí. Ẹsẹ̀ kékeré kan wà níwájú tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ẹ̀yìn sì ni àyè àmù méjìlá, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kanra. Ọkọ̀ àtẹ̀rìn la pè é. Kò ní ẹṣin, kò ní iná. Ẹ ò rí bí àdúgbò ṣe fi wá ṣẹrín! Wọ́n dá orin:

*Yísà kan ọkọ̀, kò lẹ́ṣin, ó ṣe!*
*Ta ni yóò tì í délé?*

Èmi náà ò dákẹ́. Mo gbè é padà fún wọn láti ẹnu ọ̀nà wa:

*Ẹsẹ̀ tó gbé yín wá wo ìran,*
*Òun náà ni yóò tì í délé!*

Ṣùgbọ́n òyìnbó kan wà tó ń ṣọ́ ojú irin, òun ló ni àṣẹ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Ó rán Bẹ̀llò, ògbufọ̀ rẹ̀, sí wa.

"Ọ̀gá ní kí ẹ kó àmù méjìlá wá láti Dàda ní ọjọ́ Àlàmísì. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé láìfọ́, ẹ ó gba ìwé àṣẹ ọ̀nà. Bí ọ̀kan péré bá fọ́, wọ́n á la ọkọ̀ yín, wọ́n á fi dáná fún rélùwéè."

Ìyá ní, "A gbọ́. Ẹ kí i."

Ní ọjọ́ Àtàlátà, a kó àwọn àmù tó ti sán tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀, a fi dán an wò. Yísà àti Ádámù gòkè, wọ́n ń tẹ̀. Gbìrì, ó dúró. Gbìrì, ó dúró. Kí wọ́n tó dé igun mọ́ṣáláṣí, àmù méje ti fọ́. Wọ́n tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbẹ́, wọ́n fi òrí pa irin rẹ̀. Ní Àlàrùbá wọ́n tún gbìyànjú, márùn-ún tún fọ́. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èmi ò wo ọkọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ wọn ni mo ń wò. Mo ní kí wọ́n tún gòkè, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ni mo bá rí i! Bí Ádámù bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró, ọwọ́ rẹ̀ á fò díẹ̀, bíi ẹni tó ń ju òwú kọjá. Òwú ò sì sí níbẹ̀. Ahunṣọ kì í tẹ̀ láìdúró: yóò tẹ̀, yóò dúró ju òwú, yóò tún tẹ̀. Ogún ọdún ni ẹsẹ̀ ti kọ́ ìyẹn.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọkùnrin, aṣọ lẹ ń hun lójú títì!"

"Ìyàwó," Ádámù ní, "ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní ẹsẹ̀ ni?" Ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú kí ó má baà fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dúró. Ọkọ mi náà ò lè ṣe é.

Ìyá ń mọ àmù lọ́wọ́ ní àgbàlá. Ní Dàda, a kì í jókòó mọ ìkòkò. A máa ń bẹ̀rẹ̀ ni, a ó máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká. Bí o bá dúró, ẹnu ìkòkò á wọ́.

Ìyá ní, láìgbójú sókè, "Ẹsẹ̀ tèmi kì í dúró."

"Ìyá," ọkọ mi ní, "ọrùn yín ńkọ́?"

"Ṣé ọrùn ni mo máa fi tẹ̀ ẹ́ ni?"

Bí èmi àti Ìyá ṣe gòkè nìyẹn. A dojú kọ ẹ̀yìn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ìyá, iwájú ni awakọ̀ ń wò!"

"Ìwọ máa wo iwájú, Yísà, kí o máa darí. Àmù mi ni èmi ń wò."

Yísà tún okùn awọ so, kí ìrìn ẹ̀yìn wa lè máa gbé ọkọ̀ síwájú. Ọkọ̀ yí, kò dúró. Ó ń lọ bí omi.

Ní Àlàmísì, a ní Bísímílà, a gbéra pẹ̀lú àmù méjìlá tuntun. Àwọn olórin ẹlẹ́yà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìyá dá orin iṣẹ́ wa, mo ń gbè é:

*Yí i ká o, yí i ká.*
*Mo ń yí i, kò ní wọ́.*
*Má yára o, má dúró.*
*Mo ń yí i, kò ní wọ́.*

Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló fẹ́ dójú tì wá. Ọkọ̀ fẹ́ sáré, pákó ń gba ẹsẹ̀ mi lọ.

"Má sáré!" Ìyá kígbe. "Rò ó pé ẹnu àmù lò ń fà, Hùmúàní! Ṣé báyìí lo ṣe máa ń fà á?"

Mo di eyín. Mo fi ẹsẹ̀ dín eré pákó kù díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń fa ẹnu ìkòkò nílé, títí a fi sọ̀ délẹ̀. Àwọn ẹlẹ́yà ti ń bá wa gbe orin, àwọn aláìnítìjú!

A dé ojú irin. Òyìnbó fi ìka kan àmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gan! Gan! Ọ̀kànlá dún. Ìkejìlá ò dún bẹ́ẹ̀: pọ̀ọ̀!

Bẹ̀llò ní, "Èyí ti sán."

Ìyá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n fa ìdì koríko kan tó dí ohùn rẹ̀ jáde. "Ẹ kàn án báyìí."

Gan!

Òyìnbó mú ìwé. Bẹ̀llò bi wá pé, "Ta ni awakọ̀?"

"Talatu àti Hùmúàní," Ìyá ní.

"Ọ̀gá ní òun ò kọ orúkọ obìnrin síwèé ọkọ̀ rí."

"Sọ fún un kó gòkè, kó tẹ̀ ẹ́ dé Dàda, ká kọ tirẹ̀."

Bẹ̀llò ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, Ìyá ní dandan ni. Òyìnbó gòkè lóòótọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ ta, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, Ádámù sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọ orúkọ wa méjèèjì.

Ìyá gba ìwé, wọ́n nà án sí mi. "Ó tọ́?"

Èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí igi! Mo wò ó dáadáa, mo ní, "Ó tọ́, Ìyá."

"Ó dáa. Ẹ kó koríko padà sínú ọkọ̀, ká lọ kó òmíràn wá ní Dàda. Àwọn ará Jẹ́bà ṣì ń retí, òòrùn ò tíì kan àtàrí."

A tún gòkè.