Ẹ̀wù Òtútù Editha

Ìkòkò ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé wọ abúlé wa. Ìkòkò funfun kékeré kan tó ní ìdérí, ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. A ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. A ti gbé tábìlì sí àárín ilé fún pósí, a ti tan àbẹ́là. Màmá wo ẹ̀yìn ọkọ̀, kò rí ju àpò aṣọ kan lọ níbẹ̀.

"Níbo ni ọmọ mi wà?"

Ọkùnrin náà gbé ìkòkò sókè díẹ̀.

"Ọmọ tó ga jù mí lọ ni mo bí," ni Màmá wí, "ìkòkò lo gbé wá fún mi." Ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bí Arvid, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣe dé Tabunan, abúlé wa, nìyẹn. Àwọn arúgbó ni ẹ̀gbọ́n mi Editha ń tọ́jú ní Nọ́wè, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé tí wọ́n sì fẹ́ra. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé bí Arvid bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, àwọn á wá kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá, àwọn á máa sin ẹlẹ́dẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo ilẹ̀, Editha ṣubú ní ibi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Kí ọkọ rẹ̀ tó dé ọsibítù, ó ti kú. Wọn a máa sun òkú lọ́hùn-ún, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò. Ní tiwa, a ò rí irú ẹ̀ rí.

A sin ìkòkò náà sí itẹ́ òkú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a sì gba àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án. Arvid jókòó láàárín àwọn obìnrin tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, ojú rẹ̀ gbẹ. Àdúrà parí, oníkálukú kó àwo rẹ̀ lọ sílé. Òun ò lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ, kò sẹ́ni tó ní kó dúró. Ọjọ́ tó yẹ kó wọ bàlúù padà, ẹ̀yìn ilé ni mo ti rí i, ó ń bó aáyù.

Ahọ́n wa ò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa, Arbid ni gbogbo abúlé ń pè é. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe náà ló ń ṣe. Àwọn apẹja á ké sí i pé kó wá bá wọn fa àwọ̀n, á lọ. Wọ́n á gbé ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ nínú èdè wa, òun ló sì fi ń dáhùn gbogbo nǹkan. Ṣé oòrùn mú? Bẹ́ẹ̀ ni. Àbí kò mú? Bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn obìnrin ń sọ ọ́ nídìí kànga.

"Òkúta ni. Ó sin ìyàwó, ẹ̀kán omi kan ò já lójú ẹ̀."

"Bóyá òyìnbó kì í sunkún ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ṣebí wọ́n ń sunkún nínú fíìmù!"

Màmá kì í bá a jẹun. Bí Arbid bá ti jókòó sídìí tábìlì, Màmá á gbé àwo tirẹ̀ lọ sídìí iná. Èmi nìkan ni mò ń bá a jẹun. Aládùúgbò wa, Isko, tó ń gun àgbọn dá ẹmu, a máa pè é lálẹ́: "Arbid, wá mu díẹ̀. Bí ẹkún bá há sí ẹ lọ́fun, èyí á tì í wálẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Arbid á sì mu ún. Nǹkan kan ò wálẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé àárò ẹ̀gbọ́n mi ò sọ yín ni?"

Ó dáwọ́ aáyù tó ń bó dúró. "Milagring, ṣé o mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú tipiri? O máa mọ̀ pé ẹsẹ̀ wà níbẹ̀. O máa fọwọ́ kàn án. Àmọ́ á dà bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni."

Mo da aáyù sí i síwájú rẹ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, a pa ẹlẹ́dẹ̀, a bọ́ aṣọ dúdú kúrò lára, bí a ti máa ń ṣe. Arábìnrin Arbid ti di ẹrù Editha sínú páálí ńlá kan, ó fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́. Màmá ní ká tú u, ká pín in fún àwọn ẹbí. Búláòsì lọ, bàtà lọ, àpamọ́wọ́ lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ẹ̀wù òtútù kan wà, aláwọ̀ ewé, ó nípọn bíi tìmùtìmù, irun ẹran yí fìlà tí wọ́n rán mọ́ ọn ká.

"Ta ló fẹ́ èyí nínú ooru tiwa yìí?" ni Màmá wí.

"Èmi!" Isko ti mu yó díẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù náà, ó fa fìlà bo orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí iná ẹlẹ́dẹ̀ ká, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń pa. "Ẹ wò mí! Mo ti di ará Nọ́wè!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Arbid dìde.

"Rárá," ó wí. Èdè wa ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì le débi pé ajá dìde lábẹ́ tábìlì. "Bọ́ ọ. Bọ́ ọ báyìí."

Isko bọ́ ẹ̀wù, ó rọra gbé e lé e lọ́wọ́. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò rò ó."

Arbid jókòó, ó tẹ́ ẹ lé itan. Mo ń retí pé ẹkún á dé. Kò dé. Ó kàn ń fọwọ́ tẹ́ irun etí fìlà náà.

Màmá rìn lọ bá a. "Kí ló wà lára ẹ̀wù yẹn?"

"Èmi ni mo rà á fún un, Màmá. Ó ní ó wúwo jù, mo ní kó wọ̀ ọ́ ṣá. Òun ló wà lọ́rùn ẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú."

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi imú sí ọrùn ẹ̀wù náà, ó fà á símú títí.

"Òórùn káńfọ̀ nìkan ni," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èmi náà ti gbóòórùn rẹ̀ wò."

Màmá lọ bu ìrẹsì sínú àwo, ó gé awọ ẹlẹ́dẹ̀ tó gbẹ dáadáa lé e lórí, ó fa àga, ó sì jókòó tì í. "Jẹun," ó wí. Inú àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ti jẹ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú u bó ti ń bú àwa ọmọ rẹ̀. Arbid, o ti tún gbàgbé omi! Arbid, ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so ẹfọ̀n ìtúlẹ̀? Arbid kọ́lé oníyàrá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó gbé ẹ̀wù náà kọ́ sára ògiri, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Arábìnrin rẹ̀ pè é lórí fóònù pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé. Arbid ní òun fẹ́ bá wa gbin ìrẹsì ná.

Kò mọ̀ ọ́n gbìn. Nínú omi oko tó mù wá dé ojúgun, ìlà tirẹ̀ wọ́ bí ejò láàárín tiwa. Màmá jókòó sí etí oko lábẹ́ agbòòrùn, ó ń pariwo pé, "Ṣé afọ́jú ni ọ́ ni?" Arbid tọrọ àforíjì, ó fa díẹ̀ tu, ó tún un gbìn, ó tún wọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jáde nínú omi.