Ẹ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Oníbúrẹ́dì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń po ìyẹ̀fun, ó sì máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni búrẹ́dì tó ń wú láìdé inú ààrò. Ẹ̀rín yẹn tán lẹ́nu wa lọ́jọ́ tí wọ́n yàwòrán inú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, àpá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ẹ̀dọ̀ náà. Bí kò bá fọn, ẹ̀dọ̀ náà á le gbagidi. Kò sí oògùn tí kò tíì lò. Iṣẹ́ abẹ ló kù, kí wọ́n gé lára àpò ikùn rẹ̀ kúrò, kí oúnjẹ díẹ̀ lè máa tó o.

Dókítà tó fẹ́ ṣe é kìlọ̀ fún wa. Ó ní orí àpò ikùn ni ẹ̀dọ̀ sùn lé, nítorí náà ohun mímu nìkan ni kó máa mu fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ̀dọ̀ lè súnkì. Bí ó bá ṣì tóbi, ó lè ya nígbà tí wọ́n bá ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè dá.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo yà síbi iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn àpò ìyẹ̀fun ni mo ti bá a, búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ó ní ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ náà ló ń ba òun, tẹ́rù bá sì ti mú òun, àfi kóun jẹun. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà, mo gbà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá jókòó ti aṣọ tí mò ń rán, ọwọ́ mi ni abẹ́rẹ́ ń gún.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó jẹ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ohun mímu. Ó ní rárá. Nọ́ọ̀sì fàmì sí ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi jẹ búrẹ́dì," ni mo wí. "Ìṣojú mi ni."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ìwọ lo tú àṣírí mi?"

Dókítà jáde, ó rọra bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dijú.

"Ojoojúmọ́."

Wọ́n dá wa padà sílé pé kó tún ọ̀sẹ̀ méjì ohun mímu náà bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ó fi kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má fún òun títí wọn yóò fi ṣe é tán. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Ká ní o dákẹ́ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì, wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó síta. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni mò ń dìde. Dókítà jáde wá, ó ní àwọn ti ṣe é láṣeyọrí, ẹ̀dọ̀ náà súnkì, ó sì rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ó pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, etí rẹ̀ sì rí ṣágiṣàgi.

Ẹ̀gbọ́n mi fọn. Irun rẹ̀ re, ó bì títí. Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀rá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà ní àpá náà ti dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì lọ pátápátá. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà la ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Títí wọ́n á fi pè wá wọlé, ọwọ́ mi ló máa ń dì mú.