Ikọ́ Tí Kò Jáde

Ìyá ọkọ mi ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyàwó, ara ọmọ mi ti yá o! Láti ìgbà tó o ti jáde, kò wúkọ́ rárá."

Mo ju báàgì sílẹ̀, mo sáré wọ yàrá.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Orí òrùlé ló ti jábọ́, ó fi ọrùn balẹ̀, àtìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Ó ní bẹ́ẹ̀dì ni ìyálé, èmi ni ìyàwó kékeré. Àmọ́ ikùn rẹ̀ kò lágbára láti ti ikọ́ jáde. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi pé kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀, kó mí kanlẹ̀, bó bá sì ti ń wúkọ́, kí n tì í wọlé, kí n tì í sókè.

Ojú ìyá rẹ̀ kò gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló gbá ọwọ́ mi dànù. "Ṣé ìyẹ̀fun búrẹ́dì lò ń pò ni?" Mo gbé ìbínú mì, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣe é lọ́sàn-án, torí mo ní láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí mo wọ yàrá, ojú ọkọ mi là sílẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, àyà rẹ̀ ń hó bí ìkòkò orí iná. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde.

"Màámi, ẹ ò bá a ṣe é?"

"Kò wúkọ́, kí n wá tẹ̀ ẹ́ níkùn torí kí ni?"

"Kò lágbára tó máa fi wúkọ́ ni!" Mo pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi, ojú ò sì tì mí.

Mo tì í. Ikọ́ náà kò ju ìmí ẹ̀dùn lọ. Mo tún tì í. Agbára ti tán nínú ọwọ́ tí mo ti fi ránṣọ látàárọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo bú sẹ́kún.

Ni ìyá bá fi ìgúnpá tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ibo? Fi hàn mí."

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sí abẹ́ ìhà ọmọ rẹ̀. Ó dijú, ó tì í. Ó tún tì í. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ó nípọn bíi gọ́ọ̀mù tí ọkọ mi fi ń lẹ pákó. Ọkọ mi fa èémí wọlé.

"Màámi," ló kọ́kọ́ sọ, "ọwọ́ yín mà le o."

A ṣì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan ti ń kún, ó pẹ́ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Ìyá kì í dúpẹ́ nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mọ́. Bí yàrá bá ti pa lọ́lọ́ díẹ̀, ó ti fọwọ́, ó ti dúró ti bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, oorun ni mò ń sùn!" ni ọkọ mi á kígbe.

"Mo mọ̀," ni ìyá á sọ, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lábẹ́ ìhà. "Wúkọ́ kí n gbọ́."